Ẹyin Tó Léfòó Nínú Omi Lásán

Nígbà tí mo ṣì kéré, tí orí mi ò tíì ga ju etí ìkòkò eérú lọ, ibi tí ìyá àgbà mi ti ń se ọṣẹ dúdú l'Ọ̀tà níbí ni mo ti ń ṣeré. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ rántí òórùn yẹn: èèpo kòkó tí wọ́n sun, àdín tó ń hó, èéfín tó ń ta ni lójú. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin lọ síléèwé. Èmi ńkọ́? Wọ́n ní ta ni yóò máa pọnmi sí eérú. N ò lọ, ojú ò sì tì mí.

A ó di eérú sínú ìkòkò tó lu nídìí, a ó da omi lé e, yóò máa kán tó-tó-tó sínú ìkòkò ìsàlẹ̀. Omi àkọ́kọ́ ló lágbára. Ẹyin la fi ń dán an wò: bó bá léfòó, ó tó, bó bá rì, ẹ má wulẹ̀ dáná.

Lọ́jọ́ kan, eré sùwẹ̀ ń pè mí níta. N ò dán nǹkan kan wò, omi kẹta tó ti ṣàn jù ni mo bù sínú àdín. Ọṣẹ ò dì. Nígbà yẹn, bí ọṣẹ bá kọ̀, àlejò tó wọlé wá sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dá lẹ́bi. Mo yára dárúkọ Ìyá Elépo tó yà kí wa láàárọ̀. Ìyá àgbà ò gbà mí gbọ́, ó ní kí n di etí mú, kí n máa jókòó kí n máa dìde. Lẹ́yìn náà ló kó igbá kéékèèké fún mi, ó ní, "Ohun kan ṣoṣo ni kí o yí padà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ọṣẹ fúnra rẹ̀ á sọ ẹni tó jẹ̀bi." Èyí tí mo fi omi àkọ́kọ́ ṣe nìkan ló dì. Bí Ìyá Elépo ṣe bọ́ nínú ẹ̀ṣẹ̀ tí kò dá nìyẹn.

Lọ́dún tó kọjá, Ràfíátù, ọmọ ọmọ mi tó ń bá mi kọ ọ̀rọ̀ yìí, mú Títí ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá. Iléèwé wọn ní kí wọ́n ṣe ìwádìí sáyẹ́ǹsì, ọṣẹ dúdú ni wọ́n mú. Wọ́n kọ orúkọ mi pé èmi ni mò ń tọ́ wọn sọ́nà. Tíṣà wọn, ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ní kò ṣeé ṣe, ìyá tí ò mọ A. Kí wọ́n kọ ọ́ pé èmi ni mo tà wọ́n ní eérú.

Mo ní kò burú. Ó ku ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n gbé iṣẹ́ wọn jáde, ọṣẹ wọn kọ̀. Ràfíátù sunkún. Tíṣà sáré dé, ó ní ká ra èyí tó dì lọ́jà Sango, pé ta ló máa mọ̀.

Mo ní, "Tíṣà, ẹ jókòó. Irọ́ tí ẹ fẹ́ kọ́ wọn yìí, mo ti jìyà ẹ̀ tán kí wọ́n tó bí yín."

Mo bá kó igbá fún àwọn ọmọ, wọ́n ń yí nǹkan padà lọ́kọ̀ọ̀kan: eérú, àdín, omi. Títí ló wá ju ẹyin tí a fi dán omi eérú wọn wò sínú omi kànga lásán. Ó léfòó.

Títí ní, "Màmá, ẹyin yìí dàgbà jù yín lọ o." A rẹ́rìn-ín títí Tíṣà náà fi rẹ́rìn-ín.

Èmi ni mo fún wọn ní ẹyin náà. Láyé tiwa, adìẹ ilé ló ń yé e lójú wa. Èyí ti pẹ́ nínú oòrùn ní ṣọ́ọ̀bù, ó ti bàjẹ́, kò sí omi tí kò ní léfòó nínú rẹ̀. Mo jẹ̀bi, mo sì ní kí wọ́n kọ ìyẹn náà sílẹ̀.

Ọṣẹ tó kọ̀ ni wọ́n gbé lọ, pẹ̀lú ẹyin. Ipò kẹta ni wọ́n gbà. Tíṣà mú ìwé wọn wá, ó fẹ́ pa ọ̀rọ̀ eérú tí mo tà rẹ́, kó kọ ọ́ pé èmi ni mo tọ́ wọn sọ́nà. Mo ní kó má pa á rẹ́, kó kọ méjèèjì. Èmi náà ni mo sun eérú ọ̀hún.

Láyé àtijọ́, ọṣẹ tó kọ̀, a ó fi pamọ́, a ó wá àlejò dá lẹ́bi. Lónìí, àwọn ọmọ ń gbé e síta, wọ́n ń fi ọwọ́ tọ́ka sí ibi tí wọ́n ti ṣìṣe. Wọ́n sàn jù wá lọ níbẹ̀, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé sáyẹ́ǹsì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Ọ̀tà.