Karimat Ní Òun Kò Bojú

Ọṣẹ ìfọṣọ ni Karimat ń ṣe ní Kúdẹtì. Nínú ààwẹ̀ èṣí, ó da omi kọ́sítíìkì sódà tó ṣẹ́ kù sínú ike omi kan, ó gbé e sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àdògán. Inú irú ike bẹ́ẹ̀ náà ni omi ìṣínu rẹ̀ wà. Nígbà tí ladáànì pe ìrun mọ̀gàríbì, òùngbẹ kò jẹ́ kó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó gbé ike kọ́sítíìkì sẹ́nu, ó sì gbé omi inú rẹ̀ mì.

Ọ̀fun rẹ̀ jóná. Àwọn dókítà la ojú ihò sí ikùn rẹ̀, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ibẹ̀ sì ni oúnjẹ ń gbà wọlé títí wọn yóò fi rí ọ̀fun náà tún ṣe.

Ìyẹn kọ́ ni ìtàn tí Ọjà'ba, níbi tó ti ń ta ọṣẹ, gbọ́. Oṣù yẹn gan-an ni Muhydeen, ọkọ rẹ̀, gbé ìyàwó kejì wọlé. Ìyá Gàfárù tó ń ta àlùbọ́sà ló kọ́kọ́ sọ pé owú ló mú Karimat gbé májèlé mu, ọjà sì gbà á gbọ́. Àwọn oníbàárà rẹ̀ ń yà kọjá. Wọ́n ń kí Muhydeen kú ìrọ́jú, bí ẹni pé obìnrin náà ti kú. Karimat fúnra rẹ̀ wá ń jẹun ní yàrá ẹ̀yìn, pẹ̀lú ìlẹ̀kùn títì.

Jemima, ọ̀dọ́mọbìnrin onímọ̀ oúnjẹ tó kọ́ ọ bó ṣe máa fún ara rẹ̀ lóúnjẹ, wà nínú ẹgbẹ́ kan. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń bọ́ aláìsàn tí kò lè fi ẹnu jẹun ló kún ibẹ̀. Ẹgbẹ́ náà fẹ́ pe àwọn ará àdúgbò jọ sí gbọ̀ngàn kan nísàlẹ̀ Mápó, kí wọ́n lè mọ̀ pé rọ́bà kì í ṣe ikú.

“Ìyá Ọlámilékan, ẹ bá wa wá fi hàn wọ́n,” ni Jemima bẹ Karimat. “Bójú bá ń tì yín, a ó ta aṣọ. Ikùn yín nìkan ni wọ́n máa rí.”

“Ikùn tí kò lórí? Ta ló ni ín?”

Ìyá ọkọ rẹ̀, tó ń bó ẹ̀gúsí lẹ́nu ọ̀nà, dá sí i. “Bó bá di dandan, lọ yá aṣọ ẹlẹ́hàá lọ́wọ́ ìyàwó Yésúfù, kó o bo ara ẹ látòkè délẹ̀. A ti gbọ́ èébú tó nínú ilé yìí.”

“Màámi, nítorí Ọlọ́hun ni ìyàwó Yésúfù ṣe ń wọ̀ ọ́. Ẹ wá ní kí n fi sá fún Ìyá Gàfárù alálùbọ́sà?”

“Hẹ̀n-ẹn. Ọ̀fun ẹ ló jóná, ẹnu ẹ ò ṣe nǹkan kan!”

“Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, màámi.”

Lọ́jọ́ ìpàdé, híjáàbù tó ń wọ̀ lọ sọ́jà ló wọ̀, ojú rẹ̀ sì wà gbangba. Ó jókòó síwájú, ó tú bọ́tìnnì kan, rọ́bà náà yọ. Kò tíì mú síríǹjì tí ohùn Ìyá Gàfárù fi dún láti ẹ̀yìn.

“Ẹ bi í, kí ló dé tó fi gbé e mu? Ṣebí torí ìyàwó tuntun ni!”

Ọ̀gá ẹgbẹ́ sáré wá gba makirofóònù lọ́wọ́ Karimat, kó lè yí ọ̀rọ̀ padà. Karimat kò fún un.

“Ìyá Gàfárù, owú jẹ mí. Mi ò ní purọ́. Mo bú Muhydeen débi tí ewúrẹ́ ilé fi sá jáde. Ṣùgbọ́n mo gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tó fẹ́ pa ara ẹ̀, ṣé ó ń dúró de ladáànì ni?”

Ẹnì kan bú sẹ́rìn-ín. Karimat kò rẹ́rìn-ín.

“Ọwọ́ mi ló ṣìnà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti sin mí, ẹ wò mí dáadáa.”

Ó ní bísímílà, ó ki ẹnu síríǹjì bọ rọ́bà, ó da ògì oníwàrà sínú rẹ̀, ó gbé e sókè. Ògì ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó tẹjú mọ́ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn.

“Ẹ wá jẹun o.”

Ìyá Gàfárù wo ọ̀tún, ó wo òsì. Ẹ̀kọ́ ilé ló bá a dáhùn: “Á gba ibi ire.”

Kò tọrọ àforíjì. Àwọn kan ṣì ń sọ ọ̀rọ̀ owú náà ní Bẹẹrẹ, wọn yóò sì máa sọ ọ́. Ẹgbẹ́ kò lè gba Karimat ṣe ọmọ ẹgbẹ́, nítorí kò ní ìwé ẹ̀rí ìṣègùn; òun náà kò bèèrè. Ṣùgbọ́n ó ti kúrò ní yàrá ẹ̀yìn. Ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí jẹun báyìí, níbi tí ọlọ́kadà àti alárù ń gbà kọjá. Ẹni tó bá fẹ́ dúró wò ó, kó wá àga: Karimat kì í kánjú jẹun.