Bàbá Tí Wọ́n Kọ "Kò Sí Ìṣòro" Sí Orúkọ Rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ kan ń jẹ mí lọ́kàn láti oṣù tó kọjá. Ẹ fún mi láyè kí n sọ ọ́, kó má baà pa mí.

Aṣọ ni mò ń tà ní Ìdúmọ̀tà. Ṣùgbọ́n Kútọnu ni mo gbé dàgbà, mo gbọ́ Faransé dáadáa. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń gba àwọn tí ogun lé kúrò nílùú wọn sílé fi ń pè mí láti wá ṣe ògbufọ̀. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ kan ní Ẹnu Ọwá ni wọ́n ń kó wọn sí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, bàbá kan dé láti Bùkínà Fasò, òun àti àwọn ará abúlé rẹ̀ mélòó kan. Tíṣà ni, ó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn oníbọn ti dáná sun abúlé wọn. Ọ̀gá obìnrin tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ bi í, lójú gbogbo èrò orí ìlà, pé ṣé nǹkan kan ń ṣe é? Mo tú u sí Faransé. Bàbá ní rárá o, ara òun le koko.

Wọ́n ní kó sáìn. Orí tábìlì ló gbé bírò lé, kì í ṣe orí ìwé! Mo rí i. Ọ̀gá ò rí i, fóònù ló ń tẹ̀. Mo rọra darí ọwọ́ bàbá sórí ìwé. Ó di ọwọ́ mi mú pinpin, bí ẹni ń bẹ̀ mí pé kí n má sọ.

Mi ò sọ. Ṣebí wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ògbufọ̀ ò gbọdọ̀ dá sí ọ̀rọ̀? Ìyẹn ni mo fi bojú. "Kò sí ìṣòro" ni ọ̀gá kọ. Àjà kẹta lókè ni wọ́n fún bàbá ní yàrá.

Lọ́jọ́ kẹrin, wọ́n pè mí ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá ń sọ̀ kalẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá, ló bá já bọ́ lórí àtẹ̀gùn. Egungun ìbàdí rẹ̀ kán.

Ní ọsibítù, lẹ́yìn tí dókítà yẹ ojú bàbá wò, ọ̀gá ní kí n bi í pé kí ló dé tí kò sọ pé òun ò ríran. Ó ń bínú, bíi pé bàbá ló ṣẹ̀ ẹ́!

Bàbá ní wọ́n ti sọ fún àwọn lójú ọ̀nà pé wọn kì í gba ẹni tí ò lè ṣiṣẹ́. Àti pé àwọn tí òun kọ́ níwèé wà lórí ìlà yẹn, ṣé ojú wọn ni kí òun ti sọ pé òun ò lè kàwé mọ́?

Lẹ́yìn náà ló kọjú síbi tí ohùn mi wà. Ó ní, "Ṣùgbọ́n ìwọ mọ̀, ọmọ mi."

Mo túmọ̀ gbogbo ohun tó sọ fún ọ̀gá. Mi ò túmọ̀ ìyẹn.

Wọ́n ti gbé bàbá kúrò ní ọsibítù wá sí yàrá ìsàlẹ̀ báyìí. Kò lè rìn mọ́. Ẹ sì mọ ohun tí wọ́n kọ sínú fáìlì rẹ̀? Wọ́n ní ó fi òótọ́ pa mọ́ fún àwọn!

Ẹni tí ìyà ti jẹ kì í dúró sórí ìlà kó máa ka ìyà rẹ̀ sétí ayé. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ fún un ní àga, ẹ wò ó dáadáa. Tí ẹ bá sì rí nǹkan, ẹ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ńkọ́? Kí lẹ ti rí rí tí ẹ dákẹ́ lé lórí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mi ò jẹ̀bi.