Etí Òsì Ajá Ọdẹ Náà

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Kàbbà, nígbà tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Kwárà, àwọn ará ilé mi kì í fẹ́ dárúkọ rẹ̀ létí àna wọn. Ajá ni mò ń wẹ̀. Ní ilé ìwòsàn ẹran ìjọba, èmi ni mò ń fi ọṣẹ fọ̀ wọ́n, tí mò ń yọ eégbọn lára wọn, tí mò ń gé èékánná wọn, tí mò ń nu etí wọn. Láti Ìlọrin ni wọ́n ti ń fi oògùn eégbọn ránṣẹ́, ìgbà tó bá sì wù wọ́n ni. Bí kò bá sí, ọwọ́ àti ẹ̀mú ni. Ẹ má bi mí bóyá mo fẹ́ràn ajá. Wọ́n ti gé mi jẹ kọjá ìyẹn.

Lọ́jọ́ ọjà kan, obìnrin kan fa ajá ọdẹ pupa kan wọlé. Ọkọ rẹ̀ ló ni ín. Ọkọ ọ̀hún ti wọ igbó apá Bùnú lọ dẹ̀gbẹ́, ajá nìkan ló padà wálé. Àwọn ọdẹ wá igbó títí, wọn kò rí ìbọn, wọn kò rí òkú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ jẹ́ oníṣọ́ọ̀ṣì, àbúrò ọkọ jẹ́ Mùsùlùmí. Wọn kì í fohùn ṣọ̀kan lórí ohunkóhun, àfi lórí èyí: kí obìnrin náà wọlé opó. Òun sì fàáké kọ́rí. Ó ní òun kò ní ṣe opó ẹni tí òun kò rí òkú rẹ̀.

Mo fi bándéèjì di ajá náà lẹ́nu, mo wẹ̀ ẹ́, mo ń ṣa eégbọn rẹ̀. Bí mo ti fọwọ́ kan etí òsì báyìí, ó já bándéèjì, ó sì bù mí lọ́wọ́ jẹ. Mo ṣépè fún un dáadáa.

"Fi í lẹ̀, àbúrò mi," obìnrin náà wí. "Mi è lè fọwọ́ kàn án, ọmọ mi è lè fọwọ́ kàn án. Ọkọ mi nìkan ló ń tọ́jú etí yẹn."

Mo fi í lẹ̀, pẹ̀lú eégbọn tó yó nínú rẹ̀ bí kóró lárà.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀ lé e, etí òsì náà mọ́ tónítóní. Ó ń rùn fún àdí.

"Ìyé, ta ló ṣe etí yìí?"

"Mi è mọ̀. Ó sùn síta, àárọ̀ yìí ló wọlé." Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àdí ni ọkọ mi máa ń fi sí i, bó bá ti yọ eégbọn tán."

Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń ta, ara mi sì bù máṣọ.

Bẹ́ẹ̀ ló ń rí títí. Ajá á dé pẹ̀lú ẹrẹ̀ igbó àti èèmọ́ lára, etí òsì á mọ́, àdí inú rẹ̀ kò tíì gbẹ. Àwọn ọdẹ tọ̀ ọ́ lẹ́yìn, ó pòórá mọ́ wọn lójú. Ẹ̀gbọ́n ọkọ tó ń pariwo jù bẹ̀rẹ̀ sí í yà fún ajá lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó tún dárúkọ opó. Obìnrin náà ń bu oúnjẹ ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ nírọ̀lẹ́. Èmi gan-an, mi ò jẹ́ kí omi ọṣẹ kan etí náà mọ́, kí òórùn yẹn má baà lọ. Inú mi ń dùn fún un, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Nígbà tí ọyẹ́ mú, wọ́n tún dé. Mo wo etí òsì. Eégbọn ti kún un. Mo yí ajá náà sódì kí obìnrin náà má baà rí i.

"Jẹ́ kí mi wò ó," ó wí.

Ó lóṣòó, ó sì nawọ́ sí etí náà. Mo pariwo, nítorí n kò tíì di ajá lẹ́nu. Ajá kò gbó, kò sì gé e jẹ. Ó gbé etí náà lé e lọ́wọ́, ó dijú.

 Obìnrin náà yọ eégbọn náà níkọ̀ọ̀kan, ó ń jù wọ́n sínú agolo kẹrosíìnì mi. Nígbà tó tán, ó tú gèlè rẹ̀, ó fi nu etí náà, kò sì wé e padà.

"Àbúrò mi, bá mi fa ajá yìí délé," ó wí. "Mi ń lọ bá àwọn àna mi lórí ọ̀rọ̀ opó."

Láìwé gèlè ló gba àárín ọjà kọjá.