Ọ̀sẹ̀ Tí Mo Fi Ro Ọ̀rọ̀ Iṣẹ́ Ẹ̀rọ

Ọ̀sẹ̀ kan péré ni ọ̀gá wa fún mi. Wọ́n ní iléeṣẹ́ fẹ́ rán ẹnì kan lọ kọ́ iṣẹ́ títọ́jú ẹ̀rọ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ní ìpínlẹ̀ mìíràn, fún ọdún kan ààbọ̀, àti pé orúkọ mi ni wọ́n mú wá bá àwọn. Wọ́n wò mí lójú bí ẹni tó ń retí kí n bú sẹ́rìn-ín. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Mo ní, "Ẹ ṣeun mà. Ẹ jẹ́ kí n lọ rò ó."

"Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni mo fẹ́ gbọ́ èsì. Bí o bá ní rárá, kò burú. A ó mú ẹlòmíì."

Akọ̀wé ni mí nígbà náà, ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Iléeṣẹ́ wa wà lẹ́yìn Àpòmù. Ẹ̀gẹ́ là ń sọ di ìyẹ̀fun funfun níbẹ̀, fún àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì àti bisikíìtì. Ọ́fíìsì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì ni mo máa ń jókòó sí, tí mo ń tẹ lẹ́tà, tí mo ń gbé fáìlì kiri, tí mo sì ń kọ orúkọ àwọn awakọ̀ tó gbé ẹ̀gẹ́ wọlé láti Wásinmi àti Orílẹ̀-Òwu. Ìkirè ni mo ń gbé, nílé bàbá mi. Ọ̀kadà ló ń gbé mi lọ láàárọ̀, òun náà ló ń gbé mi bọ̀ nírọ̀lẹ́.

Tíṣà ni bàbá mi kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Màmá mi ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú àkókò tí mò ń sọ yìí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin wà lókè òkun, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀ ní Àbújá. Àwa méjì ló kù nínú ilé oníyàrá mẹ́fà. Bàbá mi kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Màmá mi ni wọ́n máa ń sọ ti àwọn méjèèjì. Nígbà tí wọ́n kú, ọ̀rọ̀ tán nínú ilé wa. Bí mo bá tibi iṣẹ́ dé, màá kúnlẹ̀, màá ní ẹ kú ilé sà, wọ́n á ní o káàbọ̀, ó di ìgbà oúnjẹ. Ìgbà mìíràn wà tí mo máa ń bá ara mi sọ̀rọ̀ ní kíṣìnì, kí n ṣáà lè gbọ́ ohùn èèyàn.

Ẹni tó mú orúkọ mi lọ bá ọ̀gá ni bàbá àgbàlagbà tó ń tọ́jú gbogbo ẹ̀rọ iléeṣẹ́ wa. Bàbá Ẹ̀rọ ni gbogbo wa ń pè wọ́n. Ọmọ Orílẹ̀-Òwu ni wọ́n, ìjọ Aládùúrà ni wọ́n ń lọ, wọn kì í sì í bá ẹnikẹ́ni ṣeré. Ariwo ni wọ́n máa ń pa bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ìbínú ni.

Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, àfi lọ́jọ́ kan nígbà ọyẹ́ tí mo mú lẹ́tà kan lọ fún wọn kí wọ́n fọwọ́ sí i. Àwọn yòókù ti lọ jẹun. Bàbá Ẹ̀rọ nìkan ló wà nídìí ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ìyẹ̀fun gbẹ. Wọ́n fi orí ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ara ẹ̀rọ náà, wọ́n fi ìdí rẹ̀ sí etí, wọ́n dijú. Wọ́n wà bẹ́ẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Nígbà tí wọ́n lajú tí wọ́n rí mi, wọ́n fi ọwọ́ pè mí.

"Ọmọ mi, fi etí sí i. Kí lo gbọ́?"

"Ó ń dún sà."

"Mo mọ̀ pé ó ń dún. Báwo ló ṣe ń dún?"

Mo tún gbọ́ ọ dáadáa. "Bí ìgbà tí èèyàn jẹ yanrìn mọ́ ìrẹsì, sà."

Lójú ẹsẹ̀, wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Wọ́n tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wọ́n yọ béárìn jáde, ìyẹn irin róbótó tó ń jẹ́ kí ọ̀pá inú ẹ̀rọ lè máa yí. Ó ti fọ́ nínú. Bí ó bá ṣiṣẹ́ di ọjọ́ kejì, gbogbo rẹ̀ ni ì bá wó. Wọ́n gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, wọ́n ń wò ó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbìyànjú láti rẹ ohùn sílẹ̀, ṣùgbọ́n kò rẹlẹ̀ tó bí wọ́n ṣe rò.

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Etí ọ̀tún ti lọ tipẹ́. Tòsì náà ti ń tẹ̀lé e. Jọ̀wọ́, má sọ fún wọn."

Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti ní àyè díẹ̀, ọ̀dọ̀ wọn ni mò ń lọ. Màá gbọ́ ohun tí ẹ̀rọ ń wí, màá sọ fún wọn, àwọn náà á sọ ìtumọ̀ rẹ̀ fún mi. Wọ́n kọ́ mi ní bí bẹ́líìtì tó fẹ́ já ṣe ń rùn, àti ìdí tí gíríìsì tó pọ̀ jù fi burú bí èyí tó kéré jù. Inú mi máa ń dùn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n akọ̀wé kejì tí a jọ ń lo ọ́fíìsì gbé àga rẹ̀ sún mọ́ fèrèsé, ó ní òórùn epo ń rùn lára mi. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ sì ń pè mí ní ìyàwó ẹ̀rọ. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, èmi náà á rẹ́rìn-ín, màá kọjá. Mi ò sí lára àwọn ti ọ́fíìsì mọ́, mi ò sì tíì sí lára àwọn ti ìdí ẹ̀rọ.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyẹn tí ọ̀gá fi pè mí. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, mo sọ fún bàbá mi nídìí oúnjẹ. Wọ́n gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Títọ́jú ẹ̀rọ," ni wọ́n wí, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ọ̀rọ̀ náà pé.

"Bẹ́ẹ̀ ni sà."

"Tíṣà ni màmá rẹ fẹ́ kí o ṣe."

Mo ní, "Mo mọ̀ sà." Wọ́n jẹun tán, wọ́n fọ abọ́ wọn fúnra wọn, wọ́n wọ yàrá. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kọjá bẹ́ẹ̀, Ọjọ́rú kọjá bẹ́ẹ̀. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Àbújá.

Wọ́n ní, "Ọdún kan ààbọ̀? Ta ló máa wà pẹ̀lú Daddy?"

"Ṣé ẹ̀yin lè wá sílé fún ìgbà díẹ̀ ni?"

Wọ́n ní, "Ọmọ ń sunkún. Jẹ́ kí n pè ẹ́ padà." Wọn ò pè mí padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà kí n tó délé, níbi tí wọ́n ti ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì. Mo rà á, mo dúró, mò ń jẹ ẹ́, mo ń wo ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìbàdàn àti èyí tó ń lọ sí Ifẹ̀. Mo wá rí i pé kò sí ẹnì kan tí mo lè bi léèrè. Àwọn ọ̀rẹ́ tí a jọ lọ sílé ìwé ti tú ká. Mo gbàdúrà ní ìdúró níbẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mò ń tọrọ. Kí a sọ òtítọ́, ohun tí mo fẹ́ ni kí bàbá mi kọ̀ jálẹ̀, kí wọ́n pàṣẹ fún mi, kí n lè lọ sinmi.

Ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, bàbá mi ní, "Mo fẹ́ rí ọkùnrin tó mú orúkọ rẹ lọ bá ọ̀gá yín."

A wọ tasí lọ sí Àpòmù láàárọ̀ Sátidé. Bàbá mi wọ bùbá àti ṣòkòtò tí wọ́n máa ń wọ lọ sí ìpàdé ìjọ, wọ́n gbé báàgì wọn sábẹ́ apá. Iṣẹ́ kì í pọ̀ ní Sátidé, Bàbá Ẹ̀rọ sì jókòó lórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi máńgòrò. Àwọn méjèèjì kí ara wọn.

Bàbá mi ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ara le bí?"

Bàbá Ẹ̀rọ ní, "Láti Orílẹ̀-Òwu ni sà."

Bàbá mi yíjú wò mí. Mo wolẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọ́ ọmọ tó pọ̀ láyé wọn, wọ́n mọ bí ọmọ tí etí rẹ̀ ò gbọ́ dáadáa ṣe máa ń dáhùn láti ẹ̀yìn kíláàsì. Wọ́n jókòó, wọ́n yọ ìwé ìkọ̀wé àti bírò látinú báàgì, wọ́n kọ nǹkan sí i, wọ́n fi fún Bàbá Ẹ̀rọ. Bàbá Ẹ̀rọ kà á, wọ́n gba bírò.

Mo lọ dúró lẹ́bàá géètì. Ó tó wákàtí kan tí àwọn àgbàlagbà méjì yìí fi ń gbé ìwé fún ara wọn láìsọ̀rọ̀. Lẹ́ẹ̀kan, Bàbá Ẹ̀rọ rẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. Ṣe ni mo dá dúró níbẹ̀ bí ẹni tí wọn ò pè wá, bẹ́ẹ̀ èmi ni ọ̀rọ̀ náà dá lé lórí.

Nínú tasí tí a wọ̀ bọ̀, bàbá mi gbé ìwé náà lé itan mi. Wọ́n ní, "Kà á nígbà tí o bá délé."

Mo kà á lórí bẹ́ẹ̀dì mi lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Lẹ́tà bàbá mi tò gẹ́rẹ́gẹ́. Ti Bàbá Ẹ̀rọ tóbi, ó sì wọ́. Bàbá mi ti kọ ọ́ pé, "Kí ni iṣẹ́ yìí gbà lọ́wọ́ yín?" Èsì rẹ̀ ni pé, "Etí mi. Ìyàwó mi ń bá mi sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ nìkan ni mò ń rí."

"Ẹ wá fẹ́ fi ọmọ mi sí i?"

"Ojú lásán ni mo fi kọ́ ọ. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé kí n bo etí mi. Níbi tó ń lọ, wọ́n á sọ fún un."

"Ṣé ó mọ̀ ọ́n?"

"Ó ń gbọ́ ohun tí èmi ò gbọ́ rí nígbà tí etí mi ṣì dá."

Wọ́n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ níbẹ̀, lórí ibi tí màá sùn, lórí bóyá obìnrin mìíràn wà níbẹ̀. Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé tó kẹ́yìn, bàbá mi kọ ọ́ pé, "Màmá rẹ̀ ti lọ. Bí òun náà bá lọ, èmi nìkan ló kù." Ohun tí Bàbá Ẹ̀rọ kọ sí abẹ́ rẹ̀ kò ju "Mo mọ̀, sà" lọ.

Mo bo ojú mọ́ ìrọ̀rí. Mo sunkún tó pọ̀ ju èyí tí mo sun nígbà tí màmá mi kú. Ní gbogbo ọdún mẹ́ta tí a fi jọ ń jẹun, bàbá mi ò bá mi sọ irú ọ̀rọ̀ yẹn rí. Àlejò ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, mo bá sáàtífíkéètì mi gbogbo lórí tábìlì, nínú fáìlì tuntun. Wọ́n ti yọ wọ́n jáde nínú àpótí màmá mi.

Wọ́n ní, "Wọ́n á béèrè wọn lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ."

"Ṣé kí n lọ ni sà?"

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀. Mo ní wọ́n á béèrè wọn."

Wọ́n jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kò sẹ́ni tó máa bá mi gbé ẹrù ìpinnu náà. Mo mú fáìlì náà, mo gun ọ̀kadà, mo wọ ọ́fíìsì ọ̀gá, mo ní, "Mo máa lọ mà." Mo gbé fáìlì náà lé orí tábìlì wọn.

Nílé ẹ̀kọ́ náà, èmi nìkan ni obìnrin nínú kíláàsì wa. Yàrá tí wọ́n fún mi wà ní ìpẹ̀kun ilé, èmi nìkan ló ń sùn síbẹ̀. Mo kọ́ bí a ṣe ń ka àwòrán ẹ̀rọ, bí a ṣe ń jó irin pọ̀, bí a ṣe ń wá ibi tí iná ti já. Wọ́n fún wa ní ohun tí a ó máa fi bo etí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, wọ́n sì kìlọ̀ fún wa gidigidi pé ká má bọ́ ọ nídìí ẹ̀rọ. Bí mo bá dé e, ariwo gbogbo á rẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ọkàn mi á sì lọ sí Ìkirè. Bàbá mi máa ń pè mí ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo ti jẹun sà. Ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mo ti jẹun. Ó dáa."

Wọ́n á pa fóònù. Èmi á ṣì gbé tèmi létí fún ìgbà díẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá Ẹ̀rọ ti lọ. Fúnra wọn ni wọ́n lọ sọ ọ̀rọ̀ etí wọn fún ọ̀gá, àwọn ọmọ wọn sì wá kó wọn lọ sí Orílẹ̀-Òwu. Nílé, bàbá mi ti ti yàrá mẹ́rin pa. Wọ́n ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ẹnì kan. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, a máa ń kọlu ara wa ní ẹnu ọ̀nà kíṣìnì bí àwọn ayálégbé méjì.

Ní oṣù kẹta tí mo dé sídìí iṣẹ́ Bàbá Ẹ̀rọ, mo fọwọ́ kan ara ẹ̀rọ ńlá tó ń mú ìyẹ̀fun gbẹ ní àárọ̀ kan, ó ń gbọ̀n. Kì í ṣe gbígbọ̀n tí ẹnikẹ́ni lè rí. Ọkọ̀ ẹ̀gẹ́ ti tò sí géètì, àwọn obìnrin ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo ní kí wọ́n pa á. Ọ̀gá jáde wá.

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Mo wo ẹ̀yìn mi, bíi pé ẹnì kan wà níbẹ̀ tí mo lè bi. "Ó dá mi lójú mà." Irọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀.

A tú u. Fún ìgbà pípẹ́, a ò rí nǹkan kan, àwọn ọkùnrin méjì tó ń bá mi ṣiṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Mo ní kí wọ́n fi kẹrosíìnì fọ ọ̀pá àárín. Bí ìdọ̀tí ti ń ṣí, ìlà kan hàn, tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, ó yí ọ̀pá náà po. Ó ti fẹ́ kán. Ọ̀gá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n wò ó, wọ́n ní, "Ó dáa," wọ́n sì lọ pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n ní sùúrù.

Ìrọ̀lẹ́ ni a tó gbé òmíràn sí i. Wọ́n tan ẹ̀rọ, olúkúlùkù padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Mo fi ọṣẹ fọ ọwọ́, mo gbé ìrẹsì mi tó ti tutù, mo jókòó lórí bẹ́ńṣì. Kò sẹ́ni tó wá bá mi. Mo jẹ ẹ́ tán pátápátá, nítorí ebi ń pa mí, lẹ́yìn náà mo mú agolo epo, mo lọ wo ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́.