Ìwé Ìbí Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí inú mi ṣe máa ń tètè ru tó, kó lọ bi ìyàwó mi. Èmi fúnra mi mọ̀ pé ẹnu mi máa ń ṣáájú ọgbọ́n mi dé ibi tí àwọn méjèèjì jọ ń lọ. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹnu yẹn ló kó mi sí i.

Wẹ́dà ni mí. Ó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá tí mo ti ń jó irin ní ilé-iṣẹ́ kan ní Moncalieri, Turin ni mo sì ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ síbẹ̀ láràárọ̀. Ìyàwó mi ń tọ́jú àwọn arúgbó. A bímọ, iye wọn kò kàn yín. Yorùbá la fi ń bá wọn sọ̀rọ̀, èdè Italy ni wọ́n fi ń dá wa lóhùn, ìjà wa sì ń lọ geere bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí ilé-iṣẹ́ wa ní kí a máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta péré lọ́sẹ̀, ìyàwó mi ní ó tó gẹ́ẹ́, Canada ló kù. Ó ti rí i kà pé àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀ máa ń fúnra wọn yan oníṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n bá fẹ́, àti pé wẹ́dà wà lára àwọn tí wọ́n ń wá lójú méjèèjì. Ìpínlẹ̀ tó mú, ibẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, àgbà ilé wa, ti ń gbé láti ọdún pípẹ́. Mo ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, kó máa di ẹrù.

Ọ̀rọ̀ kò tilẹ̀ tí ì bẹ̀rẹ̀. Máàkì ni wọ́n ń fún èèyàn bí ọmọ ilé-ìwé: ìwé tó kà, ọdún tó ti fi ṣiṣẹ́, bó ṣe gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì sí, ọjọ́ orí rẹ̀. Ti ọjọ́ orí yẹn ló bí mi nínú jù. Nílé wa, bí èèyàn bá ṣe ń dàgbà la ṣe ń bọ̀wọ̀ fún un. Lọ́dọ̀ tiwọn, bó o bá ṣe ń dàgbà ni wọ́n ń yọ máàkì rẹ. Ọjọ́ ìbí mi kò sì ju oṣù mẹ́ta lọ sí ìgbà yẹn. Tó bá kọjá, máàkì mìíràn tún lọ nìyẹn, a kò sì ní í pé iye tí wọ́n ń fẹ́ mọ́. Ìyàwó mi kọ ọjọ́ náà gàdàgbà sára fìríìjì. Bí mo bá fẹ́ mu omi, màá rí i.

Padua ni mo ti lọ ṣe ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì, torí pé ti Turin ti kún. Mo ní kí ni wọ́n fẹ́ dán wò lára èmi tí mo ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré? Ìyàwó mi ní Gẹ̀ẹ́sì wo, ṣé èyí tí mo fi ń ná ẹja gbígbẹ ní ọjà Porta Palazzo? Obìnrin tó dán mi wò ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ẹnì kan tó ràn mí lọ́wọ́ nígbà èwe mi, mo bá mú ẹ̀gbọ́n mi. Mo ní àwọn ni wọ́n máa ń pọ̀n mí kọjá àgbàrá nígbà òjò kí bàtà ilé-ìwé mi má baà tutù. Mo ní nígbà tí ọwọ́ bàbá wa kò ká ilé-ìwé èèyàn méjì mọ́, àwọn ni wọ́n fi tiwọn sílẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì, kí n lè ka tèmi parí. Obìnrin náà ní àkókò ti tó. Mo ní kó fara balẹ̀, mi ò tí ì dé ibi tó dùn. Ó ní kí n jọ̀ọ́ kí n dákẹ́. Máàkì tí mo gbà níbẹ̀ ju èyí tí wọ́n béèrè lọ, mo sì fi ìwé náà han ìyàwó mi lẹ́ẹ̀mẹrin lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Lẹ́tà ibi iṣẹ́ ló tẹ̀lé e. Wọ́n ní ọ̀gá mi gbọ́dọ̀ kọ gbogbo iṣẹ́ tí mò ń ṣe síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó hàn pé oníṣẹ́ ọwọ́ ni mí, kì í ṣe alágbàṣe lásán. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní capo, kì í fẹ́ràn ìwé kíkọ. Àkọ́kọ́ tó kọ, gbólóhùn kan péré ni: ó ní mò ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo dá a padà. Èkejì, ó fi kún un pé ọmọ dáadáa ni mí. Èmi tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun! Nígbà tó ṣe, mo jókòó, mo kọ ọ́ fúnra mi, ojú ewé méjì gbáko, ó sì fọwọ́ sí i níbi tó ti ń mu kọfí, kò ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Ká ní mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mo ni ilé-iṣẹ́ náà, ì bá fọwọ́ sí i.

Ìyàwó mi kó gbogbo ìwé náà sínú fáìlì pupa, ó gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Pásítọ̀ ní kí ẹni tó bá ní ìwé tó ń dúró de ìdáhùn gbé e sókè. Ààbọ̀ ìjọ ló gbé ìwé sókè. Ìyá kan tó jókòó tì wá kò ní ìwé kankan lọ́wọ́, ó bá di etí fáìlì tiwa mú, ó ní òun bá wa gbé e.

Ó wá ku ohun kan ṣoṣo. Ẹni tí kò bá tí ì rí ọ̀gá tí yóò gbà á síṣẹ́ níbẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ìbátan tímọ́tímọ́ ní ìpínlẹ̀ náà, kí wọ́n sì fi ìwé ìbí àwọn méjèèjì hàn, kí orúkọ ìyá tàbí bàbá kan náà wà lórí méjèèjì. Mo rẹ́rìn-ín. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi. Inú wọn dùn débi pé wọ́n ti ń sọ ti yàrá ìsàlẹ̀ ilé wọn tí wọn yóò kùn fún wa. Àfi ìgbà tí mo dárúkọ ìwé ìbí. Wọ́n wúkọ́. Wọ́n ní àwọn yóò wá a.

Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọ́n ní àwọn ń wá a. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n ní ó wà nínú àpótí kan. Ọ̀sẹ̀ kẹta, kọ́kọ́rọ́ àpótí ló sọnù. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, ìyàwó mi tẹjú mọ́ ara fìríìjì, ó ní, "Dádì wọn, ẹ̀gbọ́n yín ò fẹ́ ká wá o. Ẹni tó bá dé ibi tó tutù kì í fẹ́ kí ẹlòmíràn dé ibẹ̀." Mo ní kó dákẹ́, kò mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Kò tilẹ̀ wá sí mi lọ́kàn láti bèèrè ìdí tí orúkọ bàbá tó wà lórí ìwé ìrìnnà wọn fi yàtọ̀ sí tèmi. Ta ni yóò bèèrè ìyẹn? Mélòó nínú àwa tí a wà ní Turin ni orúkọ tí wọ́n ń jẹ́ nílé bá ti ìwé wọn mu? Mo ti gbà láti ọjọ́ pípẹ́ pé orúkọ ìrìn-àjò ni.

Lọ́jọ́ tó ku ọjọ́ mẹ́rìnlá tí mo máa pé ọdún, iṣẹ́ kò sí, inú mi kò dùn, mo bá gba ohùn mi sórí fóònù, mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Mo sọ púpọ̀. Èyí tó burú jù níbẹ̀ ni pé mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò ṣe bí ọmọ ìyá ẹni."

Wọ́n gbọ́ ọ. Mo rí i lórí fóònù pé wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọn kò fèsì lọ́jọ́ náà, wọn kò fèsì lọ́jọ́ kejì, ọ̀sẹ̀ kan sì kọjá. Mo ní ó dáa, màá fẹjọ́ wọn sun.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, bí a ṣe ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, mo pe màmá mi ní Òṣogbo. Mo rojọ́, mo rojọ́, mo ní ẹ̀gbọ́n ò fẹ́ fún wa ní ìwé ìbí. Màmá ní kí n dẹ́kun ariwo ná.

Wọ́n ní, "Níbo ni yóò ti rí ìwé tí orúkọ mi wà lórí rẹ̀? Èmi kọ́ ni mo bí i."

Wọ́n wá sọ ọ́ fún mi bí ẹni ń sọ bí òjò ṣe rọ̀ lánàá. Ìyá ẹ̀gbọ́n jẹ́ aránṣọ, yàrá tó kángun sí ti àwọn òbí mi ló ń gbé. Ó fi ọmọ ọdún méjì sílẹ̀ lọ́wọ́ màmá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó ní òun ń lọ sí òkú kan nílé àwọn èèyàn òun, òun ń bọ̀ lọ́la. Mọ́tò tó wọ̀ kò dé ibẹ̀. Màmá retí kí àwọn ẹbí wá mú ọmọ. Ẹnikẹ́ni ò wá. Nígbà náà, ó ti di ọdún mẹ́rin tí màmá mi ti ń wá ọmọ tí kò rí. Wọ́n ní, "Ọdún tí mo pọ̀n ọ́n ni mo lóyún rẹ. Òun ló mú yín wá."

Mo bi wọ́n pé ṣé ẹ̀gbọ́n mọ̀. Wọ́n ní ó ti mọ̀ kó tó mọ ìwé kà, àwa yòókù ni wọn kò sọ fún. Mo ní kí ló dé? Wọ́n ní ṣé a bèèrè ni? Lóòótọ́, a kò bèèrè. Nílé wa, a kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, a kì í sì í bèèrè ẹni tó bí ẹnikẹ́ni. Ìgbátí ni yóò kọ́kọ́ dáhùn kí ọ̀rọ̀ tó dáhùn. Èmi sì ṣe aṣiwèrè díẹ̀ níbẹ̀. Mo ní, "Màmá, ó já sí pé èmi gan-an ni àkọ́bí?" Wọ́n ní, "Àkọ́bí kí ni? Jókòó síbẹ̀." Bí mo ṣe dàgbà tó yìí, mo jókòó.

Ìyàwó mi gba fóònù lọ́wọ́ mi. Ó ti ṣí fọ́ọ̀mù Canada, ó rí i pé wọ́n ń gba ọmọ tí èèyàn gbà tọ́ pẹ̀lú, tí ìwé kóòtù bá wà. Ó bi màmá bóyá wọ́n gba ìwé kóòtù. Màmá ní, "Kóòtù? Ṣé mo jí i gbé ni?" Wọ́n ní tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ kóòtù, kí a fọkàn balẹ̀, àwọn yóò lọ síbẹ̀ lọ́la, àwọn yóò fi Bíbélì búra pé ọmọ àwọn ni, kò sì ní í jẹ́ irọ́. Ìyàwó mi dúpẹ́. Ó pa fóònù. Ó wò mí.

Mo mọ ohun tó ń rò, torí èmi náà ń rò ó: kí màmá kúkú lọ búra. Wọ́n ti kọ ọ́ sísàlẹ̀ fọ́ọ̀mù náà pé ẹni tó bá parọ́, wọn yóò ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún púpọ̀. Ìyẹn kọ́ ló dá mi dúró. Bí màmá bá búra lóòótọ́, ìwé tí ẹ̀gbọ́n fi ń gbé ní Canada, tí orúkọ aránṣọ yẹn wà nínú rẹ̀, yóò di irọ́. Ìjọba ibẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bi ẹ̀gbọ́n léèrè ẹni tí wọ́n jẹ́. Mo ní kí ìyàwó mi tẹ "Rárá" síbi tí wọ́n ti bèèrè bóyá a ní ìbátan níbẹ̀. Ó gbé ìka rẹ̀ lé e fún ìgbà díẹ̀, ó sọkún díẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́. Ó lọ pa ọjọ́ ìbí mi rẹ́ lára fìríìjì.

Ó wá ku ẹnu mi. "Ẹ ò ṣe bí ọmọ ìyá ẹni." Mo ti sọ ọ́, kò ṣeé kó padà mọ́. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó. Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù tó ń fi ojú hàn, mo fi fóònù ti agolo iyọ̀ lórí tábìlì ìdáná, bí mo sì ṣe rí ojú wọn ni mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí táìlì. Mi ò ronú pé tábìlì ga. Wọn kò rí nǹkan kan bí kò ṣe ògiri. Ọmọbìnrin wa wọlé wá mu júùsì, ó bá mi nílẹ̀. "Papà, ti senti male?" Ó rò pé ara mi kò yá ni. Ìyàwó mi lé e jáde, ó sì gbé fóònù sọ̀ kalẹ̀ sí iwájú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi wá rí mi nílẹ̀. Wọ́n ní, "Màmá ti sọ fún ọ."

Mo ní wọ́n ti sọ.

Wọ́n ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni àwọn ti fi ìwé ìbí náà sínú àpò lẹ́tà, tí àwọn tún yọ ọ́. Wọ́n ní àwọn mọ̀ pé ọjọ́ tí mo bá kà á ni mi ò ní í pè wọ́n bí mo ṣe ń pè wọ́n mọ́. Wọ́n bi mí nípa fọ́ọ̀mù. Mo ní a ti tẹ Rárá, a ti gbà pé Turin la ṣì wà. Wọ́n mi orí. Ẹ̀rù bà mí, torí mi ò tí ì rí i kí ẹ̀gbọ́n mi ṣaláìní ọ̀rọ̀ rí.

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá sẹ̀ríà fún mi."

Wọ́n ní, "Ìwọ ọmọ yìí, èmi lo gba ohùn ránṣẹ́ sí? Èmi?" Èébú wá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n bú mi dé bàtà ilé-ìwé, wọ́n bú mi dé àgbàrá, wọ́n ní orí líle mi yìí làwọn bá yí láti kékeré, wọ́n ní bí ìyàwó mi ṣe ń fara dà á kò yé àwọn. Ìyàwó mi ní kò yé òun náà. Táìlì náà tutù. Mo wà níbẹ̀, mò ń dáhùn pé ẹ má bínú, sà, mi ò sì fẹ́ kí wọ́n dákẹ́.