Ta Ló Ni Wákà Ìyá?

Bí ọ̀gá wa ṣe jẹun lọ́jọ́ náà ṣì ń rí mi lára. Ìyá tí a lọ bá nílé ní Sabonjida, àdúgbò kan nílùú wa, gbé túwó àti ọbẹ̀ ẹtù ka iwájú rẹ̀. Ó ń fa egungun, ó ń lá ọwọ́, ọbẹ̀ ń kán sórí ẹní ìyá. Ẹnu rẹ̀ kún fọ́fọ́ nígbà tó ní kí n bi ìyá pé, tó bá ń kọ̀wé lọ́wọ́, ta ló ń dáná nílé.

Gbogbo obìnrin tó bá lọ bá ló máa ń bi ní ìbéèrè yẹn. Ará Akra ni, ó ń ṣe ètò kan ní rédíò wa, níbi tó ti ń fi òyìnbó bá àwọn obìnrin tó ń kọ̀wé sọ̀rọ̀ nípa ayé wọn àti ohun tí wọ́n ń kọ. Èmi ni mo ń gbé ẹ̀rọ, èmi náà ni mo ń gé ohùn. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọ ìtàn ti dá a lóhùn rí pé ọkọ òun náà ní ọwọ́ méjì. Ọ̀gá ní kí n gé ibẹ̀ kúrò. Mo gé e.

Ìwé tí mo kà kò pọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ló tọ́ mi, mo sì lè sọ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ mi nílùú yìí gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n Hausa ni wọ́n fi ń dáhùn. Ìdí nìyẹn tí ọ̀gá fi ní kí n ṣe ògbufọ̀ lọ́dọ̀ ìyá yìí.

Wákà ni ìyá ń kọ, ní àńjẹ̀mí, ìyẹn Yorùbá tí a fi lẹ́tà Lárúbáwá kọ. Àwọn obìnrin ń kọ ọ́ lórin níbi wòlímọ̀ àti ìsọmọlórúkọ. Alfa ni ọkọ rẹ̀ tó ti kú. Àbúrò ọkọ wá ń sọ káàkiri pé ẹ̀gbọ́n òun ló ni àwọn wákà náà, òun sì máa tẹ̀ wọ́n ní ìwé lórúkọ ẹ̀gbọ́n òun. Kí n tó tan ẹ̀rọ, ìyá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

“Ọmọ mi, nǹkan kan ṣoṣo ni mo fẹ́ sọ ní rédíò yín. Èmi ni mo kọ ọ́. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ọ lẹ́nu mi, kò sẹ́ni tó máa lè tẹ̀ ẹ́ lórúkọ ẹlòmíràn mọ́.”

Ó sọ̀rọ̀ dáadáa. Ó ní ẹ̀yìn ẹní àwọn ọmọkùnrin nílé kéwú lòun ti jókòó kọ́ lẹ́tà. Ó ní ìdí ìkòkò kókó, ìyẹn ẹ̀kọ mímu, tí òun ń tà láàárọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti máa ń wá, òun á máa pe ìlà kan náà lábẹ́nu títí àwọn oníbàárà á fi lọ tán, kó má baà bọ́ lọ. Ọ̀gá ń tayín, ó ń wo fóònù. Kí ìyá tó dé orí ohun tó fẹ́ sọ gan-an, ó fi òyìnbó sọ fún mi pé kí n bi í, ta ló kọ ọ́ fún un gan-an, nítorí kò lọ sílé ìwé.

Mo wo ojú ìyá. Wọn ò kọ́ wa nílé pé ká gbé irú ọ̀rọ̀ yẹn ka àgbà níwájú bẹ́ẹ̀. Mo ní, “Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ń béèrè ẹni tó ràn yín lọ́wọ́.”

Tí a bá bi àgbà wa ní irú ìyẹn, kò ní dárúkọ ara rẹ̀. Ìyá tẹrí ba. Ó ní alfa tó kọ́ òun ní kéwú ni, kí Ọlọ́run fi àlùjánnà kẹ́ ẹ, àti ọkọ òun tó ń ra tàdáwà tí òun fi ń kọ̀wé. Ó ní láìsí wọn, kí lòun jẹ́?

Mo túmọ̀ rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ọ̀gá lá ètè, ó sọ sínú máìkì pé ẹ ò rí i, àwọn ọkùnrin ló ni iṣẹ́ náà. Mo gbọ́. Ẹ̀rọ wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n mo bẹ̀rù rẹ̀, mo pa á bó ṣe ní kí n pa á, ìyá ò sì ráyè sọ ohun tó fẹ́ sọ.

Lójú ọ̀nà mo sọ fún un pé ohun tí mo bi ìyá yàtọ̀ sí ohun tó ní kí n bi í, kí a padà. Ó gbóòórùn ọbẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀, ó ní ibẹ̀ ló dùn jù nínú ètò náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe lọ sórí afẹ́fẹ́.

Kò pẹ́ tí ìyá fi ránṣẹ́ pè mí. Àbúrò ọkọ rẹ̀ ni mo bá lórí ẹní, ó gba ètò náà sórí fóònù, ó ń tẹ̀ ẹ́ gbọ́ léraléra, ó ń rẹ́rìn-ín.

“Ìyàwó wa, ẹnu yín ló ti jáde. Kì í ṣe ẹnu mi.”

Ìyá ò wò ó. Èmi ló wò. “Kí ni ọkùnrin yẹn ní kí o bi mí?”

Mo dọ̀bálẹ̀. “Ó ní ta ló kọ ọ́ fún yín gan-an, nítorí ẹ ò lọ sílé ìwé. Mo rò pé ó máa dùn yín ni mo ṣe yí i padà.”

“Ó dùn mí,” ni ìyá wí. “Ṣùgbọ́n mo ní èsì rẹ̀.” Ó yíjú sí àbúrò ọkọ. “Ọkọ mi, ẹ gba èyí náà sílẹ̀. Èmi ni mo kọ ọ́. Ẹ̀gbọ́n yín ra tàdáwà, mo dúpẹ́. Kò sí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kan níbẹ̀.”

Ọkùnrin náà ti fóònù bọ àpò. Ó ní ọmọ tó ti parọ́ láàárín èèyàn méjì, ta ló mọ èyí tó jẹ́ òótọ́ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀?

Ìwé náà ti jáde báyìí. Wọ́n ń tà á ní àdúgbò Tishigu, orúkọ ọkọ ló wà níwájú rẹ̀. Ó ń rí mi lára láti fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n ìyá ní kí n ra ọ̀kan wá fún òun. Mo mú un lọ. Ó ṣí i, ó ń ka wákà rẹ̀ lábẹ́nu, ó yọ ṣùtì.

“Wọn ò tiẹ̀ lè kọ ọ́ dáadáa.”

Ó ní kí n gbé kálàmù òun wá. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ìlà kìn-ín-ní, ó ń tún un ṣe.