Orúkọ Tí N Kò Kọ Sílẹ̀

Bí ẹ bá dé ọ̀nà oko Upenmen ní ilẹ̀ Ọ̀wọ̀ lónìí tí ẹ béèrè Ambrose Ọlámúyìwá, wọn yóò kọ́kọ́ wò yín lójú, wọn yóò sì ní, "Ṣé ẹni tó ní òun kò bímọ lẹ ń wá?" Bí wọ́n ṣe ń pè é nìyẹn. Inú máa ń bí mi tí mo bá gbọ́ ọ, nítorí pé ẹnu mi ni orúkọ náà ti jáde, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín ti gbàgbé. Ẹni tó bá ń wá ìtàn ẹ̀rín kí ó wá ibòmíràn lọ.

Èmi kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀. Àkókó ni mo ti wá. Tíṣà Ọbayẹmí ni wọ́n ń pè mí, láti ọdún 1951 ni mo sì ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní ilé-ìwé kékeré kan tí ìjọ kọ́ sí àárín àwọn abúlé oko Upenmen. Ọjọ́ tí mo dé, àpótí pákó kan ṣoṣo ni mo ní. Ambrose ló gé ọparun, tó fi kan ibùsùn fún mi láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, nígbà tí mo sì ní kí n fún un ní nǹkan, ó ní ṣé àlejò a máa sanwó ibi tó sùn ni. Àgbẹ̀ ni. Ó ní kòkó díẹ̀ àti iṣu púpọ̀. Ó ga, ohùn rẹ̀ kì í lọ sókè, n kò sì rí i kó bá ẹnikẹ́ni jà rí. Bí ó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá tí a ń kà nínú Bíbélì ni yóò máa sọ, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń gbé ẹyin. Ṣùgbọ́n tó bá yíjú sí Ọmọ́lẹ́yẹ ìyàwó rẹ̀, èdè Ọ̀wọ̀ yóò tú jáde, èmi yóò sì sọ ìdajì rẹ̀ nù.

Ní ìparí ọdún 1952, ìjọba ní kí á ka gbogbo ènìyàn tó wà ní ilẹ̀ yìí. Àwa tíṣà ni wọ́n kó ìwé àti pẹ́ńsù lé lọ́wọ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún ni mí nígbà náà, mo fi sítáàṣì sí ṣòkòtò kakí mi, mo ń rìn láti abúlé dé abúlé bí ẹni pé èmi gan-an ni ajẹ́lẹ̀. Tí mo bá rántí bí mo ṣe ń rìn lọ́jọ́ náà, ojú ara mi máa ń tì mí.

Kò sí ìyá kan ní àwọn abúlé wọ̀nyí tó jẹ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ iye ọmọ tó bí. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ka ọmọ ti fi wọ́n han ikú nìyẹn. Nílé tiwa ní Àkókó náà, bẹ́ẹ̀ ni ìyá mi ń ṣe. Bí o bá bi wọ́n, wọn yóò ní Ọlọ́run ló mọ̀. Àwọn tó gbọ́n nínú àwa tó ń ka ènìyàn máa ń jókòó, wọ́n á tọrọ omi mu, wọ́n á béèrè orúkọ àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á sì ṣírò rẹ̀ nínú ara wọn. Èmi kò ní sùúrù. Oòrùn ti ń wọ̀ nígbà tí mo dé ilé Ambrose, ilé mọ́kànlá ló sì kù níwájú mi.

"Ọmọ mélòó lẹ ní?" mo bi Ọmọ́lẹ́yẹ.

"Wọ́n wà, Tíṣà. A dúpẹ́."

"Mélòó ni wọ́n?"

"Wọ́n wà."

Ni mo bá ní kí àwọn ọmọ jáde síta kí wọ́n tò. Mo fi ẹnu pẹ́ńsù kan orí wọn, mo ń ka sókè: ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Veronica, àgbà wọn, rẹ́rìn-ín nítorí pé pẹ́ńsù náà rin ín. Sylvanus na ọwọ́ pé kí n fún òun mú. Fúnmiọlá tó kéré jù sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀, mo sì ní kí wọ́n fà á jáde. Ọmọ́lẹ́yẹ fi ọwọ́ bo ẹnu. Ambrose dúró lẹ́nu ọ̀nà, kò dá mi dúró, nítorí pé tíṣà ni mí, ó sì bọ̀wọ̀ fún tíṣà.

Nínú ọyẹ́ ọdún náà ni èéyi wọlé. Ó pa ọmọ ní ilé púpọ̀, títí kan àwọn ilé tí ẹnì kankan kò ti ka ọmọ. Nílé Ambrose, Sylvanus lọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Veronica sì tẹ̀ lé e kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Fúnmiọlá nìkan ló ṣẹ́ kù.

Èmi tí mò ń kọ́ àwọn ọmọdé nípa ìmọ́tótó, mo mọ ohun tí èéyi jẹ́. Mo mọ̀ pé pẹ́ńsù kì í pa ọmọ. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo lọ kí wọn, bí Ọmọ́lẹ́yẹ ṣe rí mi lókèèrè, ó gbá Fúnmiọlá mú, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Ambrose gbé àpótí fún mi. A jókòó títí ilẹ̀ fi ń ṣú, gbólóhùn kan ṣoṣo ló sì sọ.

"Tíṣà, o kà wọ́n."

Kò sí ìbínú nínú rẹ̀. Ì bá tẹ́ mi lọ́rùn kó gbá mi létí.

Nígbà tó di ọdún 1954, ìwé ọ̀fẹ́ dé. Ìjọba ní kí á kọ orúkọ gbogbo ọmọ tó bá ti tó wọ kíláàsì kìn-ín-ní, kí wọ́n lè mọ iye àga àti iye tíṣà tí wọn yóò rán wá ní oṣù kìn-ín-ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ariwo gba ọjà kan. Àwọn kan ní owó orí ni wọ́n fẹ́ fi bù kún ti bàbá wọn. Àwọn mìíràn ní ogun ni wọ́n fẹ́ kó àwọn ọmọ lọ, pé ṣé bí wọ́n ṣe kó àwọn ọkùnrin lọ jagun ní Bọ́mà kọ́ nìyẹn. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́pẹ tó ń ṣe ìjọba ní ọ̀run ló fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, àwọn ẹgbẹ́ alákùkọ tó ń bá wọn du ipò ní irọ́ gbuu ni. Nínú wọn méjèèjì, kò sí ẹni tó wọ ọ̀nà oko wa wá ṣàlàyé. Ó di ìgbà ìbò kí á tó rí ojú wọn. N kò dá àwọn ará abúlé lẹ́bi nígbà náà, n kò sì dá wọn lẹ́bi títí di òní. Ìjọba tó jẹ́ pé ìgbà tó bá fẹ́ gba nǹkan nìkan ló ń wá kọ orúkọ ènìyàn, ẹ̀tọ́ wo ló ní láti bínú pé wọ́n sá fún un?

Mo dé ilé Ambrose. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà gan-an níbi tó dúró sí lọ́jọ́sí.

"Ẹ ní ọmọ tó tó iléèwé?"

Ó wò mí. Yorùbá Bíbélì náà kò wá sí i lẹ́nu.

"Mé è lọ́ma," ó wí ní èdè Ọ̀wọ̀, pé òun kò lọ́mọ.

Aṣọ pénpé kan wà lórí okùn lẹ́yìn rẹ̀, omi ṣì ń kán lára rẹ̀. Mo rí i. Ó rí i pé mo rí i. Mo mọ orúkọ ọmọ náà, mo mọ ọjọ́ orí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ìlà kan péré ni yóò gbà nínú ìwé. Mo pa ìwé dé, mo kí i pé ó dàárọ̀, mo sì bá tèmi lọ. Nígbà náà mo sọ fún ara mi pé àánú ló ṣe mí. Irọ́ ni. Ojú ló ń tì mí, ẹ̀rù sì ń bà mí pé tí mo bá gbé pẹ́ńsù sókè, yóò tún sọ gbólóhùn kan ṣoṣo yẹn.

Oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 dé. Ẹ ò rí irú èrò bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn tó fi ọmọ pamọ́ sóko gbọ́ pé kò sí ẹni tó gba owó, kò sí sójà, ni gbogbo wọ́n bá tú jáde. Ẹ mọ bí a ṣe ń yẹ̀ wọ́n wò: ọmọ yóò gbé apá ọ̀tún gba orí kọjá, bí ìka rẹ̀ bá kan etí òsì, ó ti tó. Gbogbo àgbàlá kún fún àwọn ọmọ tó gbé apá lé orí. Ní ọjọ́ àkọ́kọ́, Ambrose dúró lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń wò. Ní ọjọ́ kejì, ó tún wá, ó tún wò. Ní ọjọ́ kẹta, ó mú Fúnmiọlá wá nínú aṣọ tuntun tí wọ́n rán tóbi díẹ̀, kí ó lè wọ̀ ọ́ pẹ́.

Ọ̀gá wa, Ọ̀gbẹ́ni Ṣóbọ̀wálé, kì í ṣe ìkà. Àwọn aláṣẹ ló fi ìwé ránṣẹ́ sí i pé ogójì ọmọ ni kíláàsì kan, ó sì ti gba mẹ́tàléláàádọ́ta, àwọn kan ń jókòó sílẹ̀. Ó ti pinnu pé ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò bá sí nínú ìwé kò ní wọlé mọ́. Fúnmiọlá gbé apá lé orí. Ìka rẹ̀ kọjá etí, ó mú etí náà dáadáa, àwọn ìyá tó wà níbẹ̀ sì rẹ́rìn-ín rere. Ọ̀gá ṣí ìwé, ó wá orúkọ náà lókè, ó wá a nísàlẹ̀.

"Tíṣà Ọbayẹmí, ṣé o dé ilé bàbá yìí?"

"Mo dé ibẹ̀, sà."

"Kí ni wọ́n wí?"

Ibí yìí ni mo ti lè tún ohun gbogbo ṣe. Mo lè ní èmi ni mo gbàgbé. Mo lè ní mo rí aṣọ ọmọ náà lórí okùn. Ṣùgbọ́n ọ̀gá ń wò mí, iṣẹ́ mi ni mo ń rò.

"Wọ́n ní àwọn kò bímọ, sà."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rín bú ní àgbàlá. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Ẹni tó ní òun kò bímọ!" Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ambrose yíjú sí mi. Ó lè sọ níwájú gbogbo wọn pé, ọkùnrin yìí ló ka ọmọ mi, tí mo sì sin méjì. Kò sọ ọ́. Ó mú ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ òsì, wọ́n sì ń lọ sílé. Apá ọ̀tún ọmọ náà ṣì wà lórí, nítorí pé kò sí ẹni tó ní kó sọ ọ́ kalẹ̀.

Ọ̀gá ní kó padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Kò padà wá. Nígbà tí mo fi ipá mú ara mi lọ sílé wọn ní 1956, Ọmọ́lẹ́yẹ sọ fún mi láti inú ilé, láìjáde, pé ọmọ ti wà ní ìlú Ute lọ́dọ̀ àbúrò òun, ó ń bá a gbé ọmọ. Mo rí i níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, lọ́jọ́ tí àwa tíṣà ṣe ìpàdé ní Ute. Ó pọn ọmọ sẹ́yìn, ó dúró lẹ́bàá fèrèsé kíláàsì, ẹnu rẹ̀ ń bá àwọn tó wà nínú ilé lọ: a, b, d. Tíṣà wọn jáde, ó lé gbogbo àwọn tó dúró níbẹ̀ dànù. N kò kí i. Mo gba ẹ̀yìn ilé kọjá.

Ẹ wo ìwé ìròyìn báyìí, ẹ óò rí bí wọ́n ṣe ń ka iye ọmọ tó wà ní iléèwé ní ẹkùn wa, tí wọ́n ń yangàn. Iye náà pọ̀, mo sì mọ̀ pé ohun ńlá ni wọ́n ṣe. N kò tíì rí ìwé ìròyìn tó ka iye àwọn tó wà lẹ́bàá fèrèsé. Wọ́n ní òmìnira ń bọ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Kó máa bọ̀. Inú mi kò dùn tó bó ṣe yẹ.

Nínú ọdún 1959 yìí, wọ́n tún kó ìwé lé wa lọ́wọ́, pé kí á kọ orúkọ àwọn tí yóò dìbò. Mo gbé tábìlì sábẹ́ igi máńgòrò. Ambrose wá. Irun rẹ̀ ti funfun. Ọmọbìnrin kan tẹ̀ lé e, ó ru iṣu. Fúnmiọlá ni, ó ti dé láti Ute, ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún mọ́kànlá. Mo kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sínú ìwé. Kò kúrò níwájú mi.

"Kọ tirẹ̀ náà, Tíṣà."

"Bàbá Fúnmiọlá, ó di ọmọ ọdún mọ́kànlélógún kó tó lè dìbò."

"Mo mọ̀. Kọ ọ́."

"Tí mo bá kọ ọ́ síbí, wọn yóò pa á rẹ́."

"Kí wọ́n pa á rẹ́ nígbà tí wọ́n bá dé ibẹ̀. Ìwọ ṣá kọ ọ́."

N kò lè kọ ọ́ sínú ìwé ìjọba. Mo ya ojú ewé kan nínú ìwé ara mi, mo kọ orúkọ bàbá sókè, mo kọ ti ọmọ sí abẹ́ rẹ̀, gàdàgbà-gàdàgbà, mo sì nà án sí i. Ambrose fi lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́.

"Orúkọ rẹ rè é, ọma mi."

Ọmọ náà sọ iṣu kalẹ̀. Ó wo ìwé náà pẹ́. Ó wo bàbá rẹ̀, bàbá rẹ̀ kò sì lè ràn án lọ́wọ́. Ó wá yíjú sí mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, èwo ni tèmi nínú méjèèjì?"

Mo gbé pẹ́ńsù mi sókè láti fi tọ́ka sí i. Kí pẹ́ńsù náà tó kan ìwé, Ambrose ti fi ọwọ́ bo orí ọmọ rẹ̀.